Ọpẹ́ Tó Ti Ọ̀nà Pa

Àgádágodo ni Attracta Gilhooly kọ́kọ́ rí. Àgádágodo tuntun, ó tóbi tó ìkúùkù, ó ń dán lára géètì irin tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Ó ti sáré la páàkì já, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ahoro ilé ìjọsìn kọjá, pápá màlúù kan ṣoṣo ló kù kó dé ibi tó ń lọ. Òjò wínníwínní ń pa á, ó sì dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó: ILẸ̀ ONÍLẸ̀. Ẹ MÁ WỌLÉ.

"Ilẹ̀ onílẹ̀ ta?" ló pariwo mọ́ géètì náà. "Mo ní ilẹ̀ onílẹ̀ ta?"

Màlúù méjì gbójú sókè, wọ́n wò ó, wọ́n sì padà sídìí koríko wọn.

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni Attracta. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí abúlé Cloonabracken ti ń rí i láràárọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀, ó ń sáré. Àwọn asáré tó máa ń ti ìlú ńlá wá ní Sátidé, wọ́n á ya fọ́tò ahoro, wọ́n á yẹ aago ọwọ́ wọn wò, wọ́n á ní ibí yìí mà rẹwà o. Attracta kì í wo ẹwà kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ wò.

Colm ni wọ́n ì bá pe ẹ̀gbọ́n náà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú Attracta ni ìyá wọn bí i, òkú ni wọ́n sì bí i, omi ìrìbọmi kò kàn án lórí. Àlùfáà ayé ìgbà náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ itẹ́ òkú ìjọ. Àpótí ọṣẹ ni bàbá wọn tẹ́ ẹ sí, ó gbé e gba Ọ̀nà Mísà, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará ìjọ ń gbà lọ jọ́sìn láyé àtijọ́, lọ sí igun ilẹ̀ kan lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn ọmọ tí kò lórúkọ, ó fi òkúta funfun kan lé e. Ìyá ọmọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àlùfáà pé kí òun lọ wo ibẹ̀. Ó ní rárá. Ìyá tún tọrọ. Ó ní rárá. Bí obìnrin náà ṣe gbọ́ràn títí ayé rẹ̀ nìyẹn! Nígbà tó ń kú lọ, ó di Attracta lọ́wọ́ mú. "Wọn ò jẹ́ kí n lọ," ló wí. "Má jẹ́ kó dá wà."

Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń dá rìn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni aráyé ò ní sọ? Ẹnu àwọn ará Cloonabracken kì í sinmi. Obìnrin tó ń sáré ńkọ́? Wọ́n á ní ó ń wá bí ara á ṣe fúyẹ́ ni, wọ́n á gbójú kúrò. Bí Attracta ṣe ra bàtà kánfáàsì nìyẹn.

Ilẹ̀ Fintan Mulvey, àgbẹ̀ àpọ́n kan, ni Ọ̀nà Mísà là kọjá. Ọjọ́ tí Attracta kọ́kọ́ fẹ́ gba ibẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn Fintan, ó tọrọ ààyè.

"Kí lò ń bi mí sí, ọmọ yìí?" ni Fintan wí. "Ọ̀nà Mísà ni. Àwọn èèyàn ti ń gbà á kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Kọjá jàre, kí tíì mi má tutù."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n Attracta lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Gbogbo Kérésìmesì ló ń gbé kéèkì tó ti mu wísíkì yó lọ fún Fintan, pẹ̀lú káàdì: "Fintan, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n máa gba orí ilẹ̀ yín kọjá." Ọgbọ̀n kéèkì, ọgbọ̀n káàdì. Fintan jẹ àwọn kéèkì, ó sì ń kó àwọn káàdì sínú agolo bisikíìtì, nítorí ta ló tún ń kọ̀wé sí i láyé yìí?

Fintan kú. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà ta ilẹ̀, ilé àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan láti Dublin, Costigan, tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ fún àwọn àlejò síbẹ̀. Òun ló fi àgádágodo sí géètì.

Inú bí gbogbo abúlé. Bernie Tighe, tó ń ṣe irun ní ojúde ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń gba orúkọ àwọn tó ta ko géètì náà jọ. "Kó gbé géètì rẹ̀ padà sí Dublin," ló ń wí bó ṣe ń fọ irun oníbàárà. "Kó fi há ẹnu ara rẹ̀!" Wọ́n pe Costigan lẹ́jọ́ pé Ọ̀nà Mísà jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù. Lọ́yà Costigan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò bi wọ́n ní ìbéèrè tó le rárá.

"Bernie, nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀, ṣé ẹ máa ń sọ fún Fintan?"

"Dájúdájú!" Bernie gbé àyà. "Ṣé ẹ rò pé ẹranko ni mí ni? Mo ń bi í. Mo tún ń gbé ọtí lọ fún un."

Ẹlòmíràn dìde, ó ní òun máa ń bá Fintan kó koríko. Ẹlòmíràn ní òun kò jẹ́ kọjá láìkan ilẹ̀kùn láé. Gbogbo wọn ń fi ẹ̀kọ́ ilé yangàn níwájú adájọ́, lọ́yà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò mọ̀ pé kòtò ni wọ́n ń gbẹ́.

Nígbà tó kan Attracta, lọ́yà gbé agolo bisikíìtì sórí tábìlì. Attracta mọ agolo náà. Lọ́yà fa káàdì kan yọ nínú rẹ̀.

"Ìwé ọwọ́ yín nìyí?"

"Òun ni."

"'Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n.' Ọgbọ̀n ìgbà. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́, ṣé ó máa ń dúpẹ́?"

"Ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúpẹ́!" Attracta jágbe. "Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé yín ni?"

Adájọ́ ní kó rọra. Lẹ́yìn náà ló ka ìdájọ́: ọ̀nà tí èèyàn bá gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtọrọ ààyè ló ń di ẹ̀tọ́; ojúrere Fintan ni wọ́n ń gbà kọjá, kì í ṣe ẹ̀tọ́, ojúrere náà sì ti bá Fintan wọlẹ̀.

Wọ́n jáde. Costigan dá Attracta dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Attracta, èmi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ ṣáà máa kọ ìwé kékeré sí mi lọ́dọọdún, ẹ tọrọ ààyè, n ó fún yín."

Ní ìṣẹ́jú yẹn, ká ní igi wà lọ́wọ́ Attracta ni, à bá máa sọ ìtàn mìíràn. Inú bí i sí Costigan. Inú bí i sí lọ́yà, sí Fintan tó ń tọ́jú ìwé bí ológìní tó kó eku pamọ́, sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó kọ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú bí i sí àlùfáà tó ti kú láti ogójì ọdún. Ìyá òun tọrọ títí, ó kú sórí ìtọrọ. Òun náà tọrọ, wọ́n fi ìtọrọ náà ti ọ̀nà mọ́ òun.

"Lọ fi géètì rẹ sùn," ló wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, jákẹ́ẹ̀tì pupa la páàkì já, ó gba ẹ̀gbẹ́ ahoro. Costigan wà nídìí géètì pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Attracta kò wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí ògiri òkúta ẹ̀gbẹ́ géètì, orúnkún rẹ̀ dún, ó gégùn-ún, ó bọ́ sódì kejì.

"Ó dáa, mo yọ̀ǹda fún yín!" ni Costigan ké tẹ̀lé e. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo fún yín láàyè!"

"Mi ò tọrọ!"

"Mo ní mo ti fún yín!"

"Èmi náà ní mi ò tọrọ, adití!"

Ó sáré dé abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ó ń mí hẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí òkúta ti bó o. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé òkúta funfun náà.

"Colm," ló wí. "Wọn ò jẹ́ kí màmá wa wá. Wọn ò jẹ́ kí èmi náà wá. Mo wá."