Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Sọ Nípa Ẹsẹ̀ Lékan ní Houston

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Ìtókò, l'Abẹ́òkúta, ní oṣù kọkànlá ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Àpótí kan ni mo gbé, àti ìwé ìkọ̀wé méjì. Akọ̀wé ilé ìwé ni mí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni mo mọ̀ jù. N kò gbá a kọjá pápá ilé ìwé rí. Kíkà àti wíwò ni mo fi mọ̀ ọ́n. Tí mo bá wo ifẹsẹ̀wọnsẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó gba bọ́ọ̀lù, ẹni tó gbé e fún, iye ìgbà tó ṣì í.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi, Lékan, ni mò ń lọ. Ọmọ ogún ọdún ni, àárín ló ń gbá. Ẹgbẹ́ kan ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló mú un ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Àdéhùn ìdánwò ni wọ́n bá a ṣe: tó bá gbá ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, wọn yóò sọ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ó ti gbá márùn-ún nígbà tí mo gbéra. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé kó wẹ̀yìn wò kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù gidi.

Láti Èkó dé New York, wákàtí mọ́kànlá. Láti ibẹ̀ dé Houston, mẹ́rin. Ooru ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ni lára bíi ti Èkó lẹ́yìn òjò. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ẹni tí Lékan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló fi táàsì wá gbé mi.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi táàsì wò mí o. Ẹnjiníà epo ni mí títí di oṣù kẹta. Ìgbà yẹn mò ń wa epo. Ní báyìí, mò ń rà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Gálọ́ọ̀nù epo kan kò tó dọ́là kan, ó sì ní òun ìbá fẹ́ kó wọ́n, kí iṣẹ́ òun lè padà.

Freeway ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí a gbà, èyí ni títì tí kò ní oríta tàbí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo ka ipa ọkọ̀ márùn-ún ní apá kan. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan, kò sí ẹni tó ń kiri ọjà. Nígbà tí a dé Uptown, àdúgbò ọ́fíìsì kan nínú ìlú náà, mo rí àwọn ilé gíláàsì gíga tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé àyè wà fún ẹni tó bá fẹ́ yá a. Mo ka mọ́kànlá. Lọ́dọ̀ tiwa, ewúrẹ́ ló máa ń gba ilé tó bá ṣófo. Níbẹ̀, iná ń tàn nínú rẹ̀ lásán.

Ìyàwó Bánkọ́lé, Màmá Tósìn, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbé ilá díndín fún mi, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo bò. Ilá náà kò yọ̀ rárá. Lékan jáde láti yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bó ṣe dìde, mo rí i pé gìgísẹ̀ nìkan ló fi ń tẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Bọ̀dá. Kò burú."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: *ó ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀.* Ó dùn mí pé mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà. Ní òwúrọ̀, mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹgbẹ́ wọn, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń kánjú. Ó bi Lékan léèrè ohun tó ń ṣe é. Èmi ni mo dáhùn. Ibi tí ẹ̀gbọ́n bá wà, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ lẹ́tà ilé ìwé sọ fún un pé *leg* rẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún.

Dókítà tẹ orúnkún, ó tẹ ojúgun, ó ká a, ó nà án. "Ṣé ó dùn ọ́ níbí?" Lékan ní rárá. Ó wò mí, ó la ẹnu.

Mo ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí dókítà ráyè ṣiṣẹ́."

Dókítà kọ̀wé pé ara rẹ̀ le. Kóòṣì wọn ní àyà àwọn ọ̀dọ́ máa ń já tí ọjọ́ ìpinnu bá dé. Bàtà Lékan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí a fi jáde.

Dọ́là mẹ́fà ni tíkẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá a, lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ènìyàn mẹ́fà ni ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́rin. Pákó ni wọ́n fi ṣe ògiri yí pápá ká. Tí bọ́ọ̀lù bá lù ú, ó máa padà wá, eré ń lọ. Ní ìdá kìíní, Lékan gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó ṣi ẹyọ kan. Inú mi dùn. Ní ìdá kejì, bọ́ọ̀lù lu pákó, ó wẹ̀yìn wò bí mo ṣe kọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí, ó sì ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀tàn ni, wọ́n hó lé e lórí. Rẹfirí ní kí eré máa lọ.

Ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, Màmá Tósìn fi àlùmọ́gàjí gé bàtà náà kúrò. Fọ́tò tí wọ́n fi wo eegun fi hàn pé eegun ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn ọmọńdinrín ẹsẹ̀, ti kán sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dókítà ibẹ̀ ní ó ti sán tẹ́lẹ̀; ká ní wọ́n jẹ́ kó sinmi ni, ì bá fúnra rẹ̀ jiná. Ní báyìí, irin ni wọn yóò fi so ó. Yóò rìn. Ó kọ̀ láti ṣèlérí bọ́ọ̀lù.

Màmá Tósìn bi mí léèrè, "Kí lẹ sọ fún dókítà wọn, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní *leg* ló ń dùn ún."

Ó káwọ́ lérí. "Háà! Ẹ̀gbọ́n, *foot* ni! Ẹsẹ̀ kan náà ni tiwa látòkè délẹ̀. Tiwọn pín sí méjì. *Leg* parí síbi ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo ibi tí ẹ ní kó wò."

Mo jókòó ti ibùsùn Lékan. Mo ní, "Ìwọ náà kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ ní kí n dákẹ́."

Lẹ́tà ẹgbẹ́ náà dé ní ọjọ́ kẹta, ìlà méjì: wọ́n dúpẹ́, àdéhùn parí. Bánkọ́lé ní kí Lékan dúró lọ́dọ̀ àwọn títí ẹsẹ̀ yóò fi jiná, kó tó máa bọ̀ wálé. Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe gbé mi lọ sí pápákọ̀.

Ọ̀sán ni mo wọ Abẹ́òkúta. Ìròyìn ti ṣáájú mi. Màmá wa jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ayé tó ṣe ọmọ náà. Wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ṣeé ṣe kó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti dé orí ìyàwó kékeré bàbá wa.

Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: ẹni tí nǹkan ń dùn, òun ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Nǹkan yìí ni mo gbé wálé, mi ò sì mọ ibi tí ǹ bá gbé e sí.

Mo ní, "Màmá, ẹ fi ìyàwó kékeré yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe ayé. Èmi ni."

Ó ní kí àwọn obìnrin náà dìde. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ gbá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó. Sọ ọ́ tán. N kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ."