Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyàwó Mi Bá Mi Yàn

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Ọmọ apẹja láti etíkun Oǹdó ni ìyàwó mi. Létí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ta ẹja, la ti pàdé. Ìyá mi tó wà ní Ọ̀yọ́ kò wá síbi ìgbéyàwó wa. Ó ránṣẹ́ pé òun ò mọ ìdí tí ọmọ òun fi lọ fẹ́ ará odò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò fi ojú bínú wò mí. Ohun tó sọ ni pé, "Bí wọn ò bá wá wò mí, ẹ jẹ́ ká lọ kí wọ́n lè rí mi."

Òórùn epo lọ́rì máa ń mú un bì, nítorí náà a pinnu láti ra kẹ̀kẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nítòsí Palmgrove, ojú mi lọ sára kẹ̀kẹ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Mo ti ń rí ara mi lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ò tilẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ó kàn lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, irin ẹ̀yìn náà sì tẹ̀.

Ọlọ́jà pariwo: "Ìyàwó, ẹ rọra o! Ẹ má ba ọjà mi jẹ́!"

"Bó bá máa bàjẹ́, ibí sàn ju inú igbó lọ."

Ó wá nàka sí dúdú kan tó fara ti ògiri, tí táyà rẹ̀ nípọn, tí irin méjì dábùú láàárín rẹ̀. Ó jókòó sí i, ó mi ara jìgìjìgì. Kẹ̀kẹ́ náà ò mira.

Mo ní, "Èyí ti wúwo jù."

Ó ní, "Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ jù lójú omi, ìgbì ló ń darí ẹ̀."

A gbéra ní Ladi-Lak, níbi tí à ń gbé, ní ìdájí, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wà níwájú, ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Tí a bá dé òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Ọ̀nà ni mò ń wò, mi ò rí ojú rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó lè sọ fún mi, nígbà tí a kọjá Ṣágámù, pé ọjọ́ tí iṣẹ́ ìyá mi dé, ṣe lòun lọ sunkún létí ọ̀sà. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ lọ.

Lẹ́yìn tí a ti sùn lọ́nà, a dé Ọ̀yọ́. Ìyá mi ń sá èlùbọ́ níwájú ilé.

"Lórí kẹ̀kẹ́? Láti Èkó?"

Ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó ti wú, ó yíjú, ó wọlé. Mo rò pé ó ti kọ̀ wá nìyẹn. Omi gbígbóná ló gbé jáde. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ jó ẹsẹ̀ náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò níyàá ni, tí wọ́n fi jẹ́ kí ọkọ rẹ gbé ọ rin irú ìrìn yìí?"

"Mo níyàá, mà. Àwọn ni wọ́n ní kí n má ṣe wá lọ́wọ́ òfo." Ó sì na apẹ̀rẹ̀ ẹja sí i.

Ìyá mi ò bẹ̀bẹ̀. Àgbà ìgbà yẹn kì í bẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí a fẹ́ padà, ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ òkè rẹ̀ jáde, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi okùn dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ níbi tí ìyàwó mi máa jókòó.