Ìyá Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Wọ́ọ̀dù

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa ni wọ́n fi fóònù pè mí nílé mi ní Ìtapàjí pé ọmọbìnrin mi dákú nílé ìwé, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún. Òun nìkan ni mo bí fún bàbá rẹ̀ kó tó kú.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin àti àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ùsì lórí bẹ́ǹṣì. Mo kí wọn, mo sì kọjá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ọmọ mi? Èmi ni ìyá rẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin náà? Àwọn méjì tó jókòó yẹn ní àwọn ni ìyá rẹ̀. Èwo nínú yín gan-an ló rọbí?"

Wọn kò purọ́. Nínú ẹbí wa, gbogbo obìnrin tó bá pọn ọmọ rí ló ń pe ara rẹ̀ ní ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo rọbí."

"Ọmọ yín ti dàgbà, Mà. Ẹni tó bá ní ká sọ fún la ó sọ fún. Ẹ jẹ́ kí n bi í."

Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bó bá wá ní kí wọ́n má sọ fún mi ńkọ́? Gbogbo àpá ara ọmọ yẹn ni mo mọ̀.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ó ní ìyá òun tó ń gbé ní Ìtapàjí nìkan. Ó ní kí ẹ bá òun kí àwọn ìyá òun yòókù."

Mo wọlé. Dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ọmọ mi sì ń wo ojú mi.

Bí mo ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde. Òun ló wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tí mo bí i.

"Ìyàwó, kí ni dókítà wí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ní kí n kí yín."

"Ṣé ìkíni ni mo bi ọ́?"

"Ó ní kí n kí yín ni, Mà."

Ó pòṣé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó pẹ́ kó tó tún pè mí ní ìyàwó.

Ara ọmọ mi ti yá tipẹ́. Òun náà ti di abiyamọ. Ohun tí dókítà wí kò sí nínú ìtàn yìí, nítorí n kò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ mi.