Irọ́ Méjì Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Ọ̀rẹ́ Mi

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kọkànlá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Aago ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa ni mo wò. Aago náà máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá ju ti fóònù mi lọ, nítorí náà ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kọjá. Obìnrin àgbà kan wọlé, ó gbé ìró kan tí etí rẹ̀ ti tú sórí tábìlì, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ní òun á dúró gbà á.

Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló ni ín, aránṣọ tí gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ń pè ní Àlàájà. Ìṣirò ni mo kà jáde ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọdún náà le. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé iṣẹ́ sí kò dáhùn, àwọn tó níṣẹ́ ìjọba pàápàá ń lọ sóko ní Sátidé kí wọ́n tó lè rí nǹkan sè. Èmi ń bá Àlàájà rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, mo sì ń ká etí aṣọ. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ó ń fẹ́ ojú, ó ń fẹ́ ọwọ́, kò fẹ́ ẹnu.

Ẹnu ni ìṣòro mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo gbéraga. Mo máa ń kí ènìyàn o, ṣùgbọ́n ìkíni náà máa ń pẹ́ lọ́kàn mi kó tó jáde, ẹni tí mo fẹ́ kí á sì ti kọjá lọ. Bí ẹnìkan bá ní, "Ṣé àlàáfíà ni?", n ó kọ́kọ́ ronú ná bóyá àlàáfíà ni lóòótọ́. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá lè dúró tì kò yẹ kó kúrò lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Àlàájà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ìwọ yìí, bí ilé bá ń jó, tí wọ́n ní kí o pariwo, wàá kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, obìnrin bíi tèmi, jọ ń gbé yàrá kan ní Ìsìkàn. Òun ni òdìkejì mi. Bí ó bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìsìkàn, kó tó dé Ọjà Ọba, á ti mọ iye ọmọ tí awakọ̀ bí àti èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Mo máa ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ń gun ọ̀pẹ láìlo igbà. Ọkùnrin kan láti ìlú Oǹdó fẹ́ fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹbí ọkùnrin náà ṣe ìwádìí.

Ìwádìí yìí kì í ní ìkéde. Ẹbí á rán ẹnìkan tí wọ́n fọkàn tán, onítọ̀hún á lọ máa bi àwọn tó mọ ọmọ náà léèrè: ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣé ó máa ń bínú, ṣé àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn. Bí ohun tí wọ́n gbọ́ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kì í ṣàlàyé. Wọn á kàn dákẹ́, ọmọkùnrin náà á sì máa ṣọ̀wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan rí. Mo rí ohun tó fojú rẹ̀ rí: ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi sọ̀rọ̀, òun tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Obìnrin tó jókòó tì mí yìí wo ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Láti Oǹdó ni mo ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Mi ò wá dọ́gbọ́n sí ọ. Ohun tí o bá mọ̀ ni kí o sọ fún mi."

"Ẹ máa bi mí, mà."

"Ṣé ọmọ dáadáa ni?"

Mo dá abẹ́rẹ́ dúró. Ìbéèrè náà gbòòrò jù fún mi. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ bi mí ní èyí tí mo lè dáhùn."

Àlàájà, tó ń tẹ ẹ̀rọ lẹ́yìn wa, wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ti òtútù.

"Ó dáa. Ṣé ó máa ń tètè jí?"

"Rárá, mà. Aago méje, bí ẹnìkan bá jí i."

Àlàájà tún wúkọ́.

"Ṣé àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn?"

"N kò mọ̀, mà. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo rí rí. Ara wọn le lọ́jọ́ tí mo rí wọn."

"Ṣé ó máa ń bínú?"

"Ó máa ń bínú, mà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ó ti ju bàtà lu ògiri rí. Bàtà òun fúnra rẹ̀ ni."

"Ṣé ó máa ń purọ́?"

Mo ronú. "Láti ọdún kan àti oṣù mẹ́ta tí a ti jọ ń gbé, irọ́ méjì ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Ẹ̀rọ Àlàájà dúró. Mo ń retí pé kí obìnrin náà fò mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò fò mọ́ ọn. Ó kàn ń wò mí. Àwọn ènìyàn mìíràn, bí mo bá dákẹ́, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí àyè náà ní wàràwàrà, n kò sì ní rí ibi gbé tèmi sí mọ́. Obìnrin yìí fi àyè náà sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kadà ń ké níta, ẹnìkan ń ná ata, òun jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tó tún ń lọ láyé. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnu mi sì là, èmi náà ń gbọ́ ohùn ara mi pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

Mo sọ èkíní fún un. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ìyá onílé wa wá kan ilẹ̀kùn pé kí n wá bá òun gba àlejò. Lọ́jọ́ náà, n kò ní agbára àtirí ojú ènìyàn kankan. Ọ̀rẹ́ mi jáde sí wọn, ó ní mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lọ bá wọn gbé àga. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

Mo sọ èkejì. Ìyá rẹ̀ pè é láti Ìpógun, ó bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ní òun ti jẹ ẹ̀bà, òun yó bámúbámú. Kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti ọ̀sán àná. Gàárì ife kan péré ló kù nílé, ó ti rẹ ẹ́ sómi, ó sì ti gbé e síwájú mi. Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé ọ̀rẹ́ mi kò sọ fún èmi pé òun ti jẹun. Ó kàn ní kí n mu ún ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí irọ́ kẹta.

Obìnrin náà ní, "Ìwọ náà sì mu gàárì náà?"

"Mo mu ún, mà."

Ó gba ìró rẹ̀, ó fi àtàńpàkò tọ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ọwọ́ rẹ kì í kánjú," ló sọ. Ó júwe àdúgbò rẹ̀ fún Àlàájà, pé bí wọ́n bá wá sí Oǹdó kí wọ́n yà, ó sì lọ.

Àlàájà kò jẹ́ kó rìn jìnnà. "O ti ba ọ̀ràn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́! Irọ́ méjì! Ṣé ìwé ìdánwò ni wọ́n gbé síwájú rẹ ni?"

"Ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n ní kí n sọ, mà."

"Ta ló ń sọ ohun tó mọ̀ níbi ìwádìí!"

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé sílé lálẹ́, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ dé orí irọ́, kò dúró gbọ́ ìyókù.

"Ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn á ní áńgẹ́lì ni! Ìwọ ń ka irọ́ mi bí ẹni ka iṣu! Ọlọ́run á bi ọ́."

Lẹ́yìn èyí, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá ń gbálẹ̀ yàrá, á gbá apá tirẹ̀ dé àárín, á sì dúró. Ọkùnrin Oǹdó ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ẹbí rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo jókòó kọ lẹ́tà sí obìnrin àgbà náà, nítorí pé orí ìwé ni ọ̀rọ̀ mi ti máa ń já gaara. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin, mo fà á ya. Ìyìn ló kún inú rẹ̀, ìyìn tí èmi náà kò lè dúró tì. Ní Sátidé, mo béèrè àdúgbò náà lọ́wọ́ Àlàájà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó.

Mo bá obìnrin náà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń yí kòkó tó sá sórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò béèrè ohun tí mo bá wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí kòkó, a sì yí i dé ìdajì ẹní láìsọ̀rọ̀. Ara tù mí níbẹ̀ ju bí ara ti tù mí nínú ilé ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó yá, mo ní, "Mo wá bẹ̀ yín ni, mà."

"Kí lo ṣe?"

"N kò mọ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orúnkún rẹ̀ mú. "Ènìyàn mẹ́sàn-án ni mo bi léèrè ní Àkúrẹ́. Mẹ́jọ ní áńgẹ́lì ni. Mo ní, kí ni áńgẹ́lì ń wá ní ilé wa? Ṣé a ní ìyẹ́ ni? Ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀ ènìyàn fún mi." Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú kòkó. "Mo ti jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bí o ṣe rán mi, irọ́ méjèèjì pé. Ó ní òun ń rò ó. Òun ló ni ọmọ."

"Ṣé wọ́n á gbà, mà?"

"Mi ò mọ̀."

Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò ó. N kò rí àgbàlagbà tó sọ pé òun kò mọ̀ rí, tí ojú kò tì í, tí kò sì fi àdúrà gbá a mọ́lẹ̀. Mo dúró, kòkó lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "gàárì tí o mu lọ́jọ́ sí, ṣé o dúpẹ́?"

Mo wá ọkàn mi wò. Mo ti dúpẹ́ nínú ọkàn mi, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ní ọ̀rọ̀ tó gún régé. N kò rántí pé ọ̀kan nínú wọn jáde lẹ́nu mi.

"Rárá, mà."

"Ta ni kó wá gbọ́ ọ?"

Láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, mo ń to gbólóhùn kan. Mo wọlé, ọ̀rẹ́ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"O ṣeun gàárì ọjọ́ yẹn," ni mo wí. "Àti ọ̀rọ̀ ìyá onílé."

Ó yíjú padà. "Gàárì wo?"

"Èyí tó kù ife kan."

"Gàárì oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn! Ṣé ọ̀nà ọ̀fun rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìrọ̀rí bo ojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ìrọ̀rí náà tutù. Mo fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, oríṣiríṣi ni mo gbọ́. Wọ́n ní bàbá ọkọ kọ̀ jálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ obìnrin yẹn gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí ó fi gbà. Ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ obìnrin tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

Èyí tí mo rí nìyí. Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, bọ́ọ̀sì láti Oǹdó dúró níwájú ilé àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi ní Ìpógun, ẹbí ọkọ sì bọ́ sílẹ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Obìnrin náà ló bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ìró tí mo ká etí rẹ̀ ló ró. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, gbogbo ènìyàn ń pariwo ìkíni, obìnrin náà sì tẹ̀ síwájú, ó bi í létí, níbi tí èmi àti ìyá ọ̀rẹ́ mi dúró sí gan-an.

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Ó lanu, ó wò mí, ó pa á dé.

"Rárá, mà," ló wí. "Mi ò tíì jẹun láti àná, ìrònú ọjọ́ òní ò jẹ́."

"Láti àná kẹ̀!" ni ìyá rẹ̀ ké. "Ṣebí o ní o ti jẹ!"

Wọ́n gbé iyán wá. Obìnrin Oǹdó jókòó tì í. N kò lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ béèrè ni. Ẹnikẹ́ni ló lè bi ènìyàn pé ṣé ó ti jẹun. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé ọ̀rẹ́ mi jẹ iyán náà tán. Èmi ni mo bu omi fún un.