Ẹ̀rín Kẹ́hìndé

Ẹnu mi tó ń yá ju rédíò lọ yìí, ọmọ kékeré kan pa á dé lónìí.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, láti Ìbarà títí dé Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìfọ́nnu mi. Ni Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, bá mú Táíwò wá. Kẹ́hìndé ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá.

"Ọ̀gá fọ́tò, ya Táíwò, kí o fi ṣe Kẹ́hìndé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àwọn ìyá wa. Ojú kan náà ṣáà ni wọ́n ní."

Mo yà á, mo da àwòrán rẹ̀ kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ ju dígí lọ!

Táíwò wò ó.

"Bùrọ̀dá, èmi méjì nìyí. Kẹ́hìndé máa ń rẹ́rìn-ín."

Ìyá rẹ̀ wolẹ̀.

Ọmọ náà padà lọ dúró síbi ògiri.

"Ẹ tún yà mí. Màá rẹ́rìn-ín bíi tiẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, mo yà á. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún: "Kẹ́hìndé mi!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá mi lóhùn: nínú fọ́tò kejì yẹn, ta ni mo yà?