Fọ́ọ̀mù Tí N Kò Nù

Ẹ má bá mi kẹ́dùn o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ń kan ilẹ̀kùn, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ní Mayfair nílùú wa níbí ní kí n bá àwọn kọ ètò tí kọ̀ǹpútà àwọn yóò máa fi tẹ èsì jáde. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ni, ó ń wọ́ bí ìgbín. Tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá fọ́ọ̀mù tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló máa ń dákú. Mo bá dá ọgbọ́n: kó ṣe fọ́ọ̀mù mẹ́wàá péré láàárọ̀, kó kó wọn pamọ́ sínú ara rẹ̀, ẹni tó bá dé, kó yá ọ̀kan lò, kó dá a padà fún ẹlòmíì. Kíá ló ń tẹ èsì! Mo gbéra ga, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá abọ́ lò, ó yẹ kó fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Mi ò kọ ọ́ sínú ètò pé kó máa nu fọ́ọ̀mù. Àyè tí wọn ò bá kọ nǹkan tuntun sí, ti ẹni ìṣáájú ló ń wà níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó nígbà náà. AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì sì ní àwọn gbọ́dọ̀ rí ìwé jẹ́nótáìpù tiẹ̀ náà. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ, tí mo ń fọ́nnu lójú ọ̀nà. Iná ò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ wọn ò sì lè gbé ẹ̀rọ jẹ́nótáìpù. Obìnrin tó ń tẹ èsì fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, pé tí iná bá dé àwọn á fi bírò kọ ọ́. Ìwé jáde, AS ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ rò pé wọ́n ti ṣe é, ó fọwọ́ sí i.

Ní ilé wa ní Òkèrèwè, bàbá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ ara àwọn sin ọmọ-ọmọ. Ó parí nìyẹn. Àbúrò mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó dá òrùka padà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n pè mí sí Mayfair: jẹ́nótáìpù wà lórí ìwé ọmọ kan tí wọn ò tíì yẹ̀ wò. Mo ka ètò mi, mo rí i. Yéè, mo gbé! Mo ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ àyẹ̀wò sí. Àyè jẹ́nótáìpù àbúrò mi ṣófo. Ẹni tó lo fọ́ọ̀mù yẹn ṣáájú rẹ̀ ló ni AS.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà àbúrò mi tẹ́lẹ̀ fẹ́ gbé ẹlòmíì níyàwó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá AS náà ni àbúrò mi, kí ni mo tún fẹ́ da ilé rú fún? Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí.

Ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó tán ni mo tó jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. A lọ ṣe àyẹ̀wò níbòmíràn: AA. Kò bú mi. Ó di ìwé náà mú, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ wo lẹ mọ̀?”

Mo ní, “Ọjọ́ tí mo sọ fún ẹ gan-an ni.”

Ó gbà mí gbọ́. Òun ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.