Ọgbà Ìyé àti Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́

Lánàá, ọmọ ọmọ mi já efinrin sínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọkàn mi bá lọ sí ìlú Erinje, sí ẹ̀yìnkùlé wa, nígbà tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.

Ìyé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá wa, máa ń gbin ẹ̀pà síbẹ̀. Àmọ́ bó bá gbìn ín láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ orí ọ̀pẹ á ti hú u jẹ. Bàbá wá dẹ tàkúté. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ Fúnmi, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin, ló mú.

Egungun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ya. Ìyé pọn ọn sẹ́yìn, ó hú tàkúté náà, ó sì gbé e síwájú Bàbá.

"Bàbá wọn, ẹ má dẹ tàkúté síbí mọ́."

"Kí la ó wá fi lé wọn?"

"Ohun tí wọn ò fẹ́ la ó gbìn yí ẹ̀pà ká. Bó gbà mí lọ́dún mẹ́ta, màá rí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ ò kàwé tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ní kó má wọlé.

Ewúro ni Ìyé kọ́kọ́ gbìn. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń wọ ilé baba wọn. Ìyé wá ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó rí i pé wọ́n máa ń ṣẹ́rí padà níbi tí efinrin àti àlùbọ́sà wà, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ata. Èmi àti ẹ̀ tọrọ irúgbìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri títí dé Òkìtìpupa. Òjò gbá èyí tí a kọ́kọ́ gbìn lọ. A tún un gbìn yí ẹ̀pà ká.

Lọ́dún kejì, a kó ẹ̀pà agbọ̀n méjì. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì jẹ díẹ̀ níbi tí efinrin ti kú, Ìyé ò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, Bàbá dúró létí ọgbà, ó ń wolẹ̀.

"Ìyá wọn, bá mi gé efinrin díẹ̀. Mo fẹ́ fi yí àgbàdo mi ká lóko."

Ìyé ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé e, ó fi ewé kókò wé e fún un.

Wọ́n ti kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn báyìí, májèlé tí wọ́n ń rà lọ́jà ló kù tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu kò tíì yí ìwà padà: ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó pẹ́, tí kò sì jẹ́ kó sú òun, ni yóò mọ ohun tí wàhálà náà ń sá fún.